Omi Ìlú, Omi Ilé

Nígbà tí Adédèjì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìyá òun ni yóò bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Mubarakah ń gé alùbọ́sà lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ò dúró. Ó gé alùbọ́sà náà tán, ó dà á sínú òróró gbígbóná, ó bo ìkòkò, ó nu ọwọ́, kó tó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Tún un sọ, Dádì Ìmísí."

Adédèjì tún un sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí i. Ó ní kánsù ti ń gbé ayẹyẹ ìbúra àwọn ọmọ ìlú tuntun jáde wá sí àdúgbò báyìí, kí àwọn tó ń gbé ládùúgbò lè fi ẹnu ara wọn kí àwọn tó ń wọlé káàbọ̀. Ti oṣù yìí bọ́ sí họ́ọ̀lù kan ní Becontree, àdúgbò àwọn ní London, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì ìyá òun. Wọ́n bi àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò pé báwo lẹ̀yin ṣe ń gba àlejò nílé yín. Àwọn kan ní àwọn á se ìrẹsì wá, àwọn kan ní àwọn á kọrin. Ìyá òun, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà yẹn, ló dìde tó ní ní ìlú tí wọ́n bí òun sí, omi tútù ni wọ́n fi ń pàdé ẹni tó bá fẹ́ di ti ilé.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ẹ́ sí ti họ́ọ̀lù yẹn," Adédèjì wí. "Múbà, jọ̀ọ́, just think about it. Omi lo ń bèèrè látọjọ́ yìí. Omi náà ló dé yìí. Màámi á bù ú, ẹsẹ̀ ẹ á tutù, ọ̀rọ̀ á parí. Everybody's happy."

Mubarakah wò ó títí. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan wà láyé tó jẹ́ pé bí òrùlé bá ń jò, àga ni wọ́n máa ń sún lọ síbi tí kò ti jò. Adédèjì wà lára wọn.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń dun obìnrin yìí, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìwé ni Mubarakah wá kà láti Ìlọrin. Ó pàdé Adédèjì níbi iṣẹ́ ní Dagenham Dock, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan létí odò, níbi tí Mubarakah ṣì ti ń wa ọkọ̀ kékeré tí ń gbé ẹrù gun orí pèpéle títí dòní. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Mùsùlùmí ni ìyàwó, Aládùúrà paraku ni àwọn ará ilé ọkọ. Ìlọrin ni ìyàwó, Ìjẹ̀bú ni ọkọ. Adédèjì wá dábàá pé kí àwọn kọ́kọ́ lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ìjọba ná, òun á máa wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún ìyá òun. Ibi tó ti ń wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn kiri ni ọ̀rọ̀ ti ta sí ìyá rẹ̀ létí. Ẹnu Bọ́sẹ̀, olórí akọrin, ni Ìyá Ìjọ ti gbọ́ pé òun ti di ìyá ọkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Bọ́sẹ̀ á mọ̀ pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ kó tó kan ìyá náà.

Nígbà tí àwọn méjèèjì wá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Mubarakah ró aṣọ òfì tí ìyá tirẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé. Ó bo orí, ó bọ́ bàtà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìlọrin náà ni wọ́n ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú: ìyàwó kì í dédé wọ ilé ọkọ. Àwọn ará ilé á bu omi tútù jáde, wọ́n á dà á sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á wúre fún un, kó tó ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún lè pè é ní àlejò nínú ilé yẹn. Mubarakah dúró ní ẹsẹ̀ lásán lórí kọnkéré, ó ń retí. Ìyá Ìjọ ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, sístà," ló wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ má wulẹ̀ bọ́ bàtà, ilẹ̀ tutù."

Ó parí. Kò bú u, kò lé e. Ohùn tí a fi ń kí ẹni tó wá wo mítà iná ló fi kí i. Mubarakah kúnlẹ̀ kí ìyá náà, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn. Ó ti búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní wọ ilé ọkọ òun gẹ́gẹ́ bí àlejò láéláé. Kò sì wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ náà. Wọ́n bí Ìmísí, họ́ọ̀lù ni wọ́n háyà láti sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Adédèjì ń gbé ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀, ìyàwó á jókòó sínú ọkọ̀ níta, á máa tẹ fóònù. Ìyá Ìjọ á fi oúnjẹ sínú ike ránṣẹ́ sí i, ẹja díndín, ọbẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Mubarakah á jẹ ẹ́, á fọ ike, á wá fi wàrà tí òun fúnra rẹ̀ dín sínú ike náà padà, nítorí wọn ò kọ́ ọ láti dá ike padà lófìfo. Àwọn méjèèjì ò bú ara wọn rí. Ìjà tí kò bá ti sí èébú nínú rẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀.

"Omi tí Màmá fẹ́ bù yẹn," Mubarakah bèèrè, "ta ni wọ́n fẹ́ bù ú fún?"

"Fún gbogbo yín ni."

"Ehn. Fún gbogbo wa. Ará Ghana, ará Bangladesh, ará Romania. Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, ẹni tí wọn ò ní rí mọ́. Màmá á wẹ ẹsẹ̀ mi láàárín èrò, wọ́n á ní ẹ ṣáà rí i, mo ti wẹ̀ ẹ́. That's it. Wọn ò tún ní bù ú fún mi lẹ́nu ọ̀nà wọn mọ́ láyé yìí."

"Omi kan náà ṣáà ni now!"

"Omi kan náà kọ́. Ti ìlú nìyẹn. Ti ilé lèmi ń sọ."

Adédèjì ní ó dáa, òun á pè wọ́n kí wọ́n gbé e lọ sí ti Town Hall ní Barking, kò sẹ́ni tó máa wẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mubarakah ní rárá. Becontree lòun ń gbé, Becontree lòun ti bímọ, Becontree náà lòun á ti búra.

"Mi ò ní sá fún ìyá ẹ. Mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fi omi àlejò rẹ́ mi jẹ."

"So kí lo fẹ́ ṣe?"

"Wàá rí i."

Kò sí ọkọ tí gbólóhùn yẹn kì í kó láyà sókè. Àwo oúnjẹ Adédèjì ò tán lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹran pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó rọrùn fún Ìyá Ìjọ pàápàá láti rí omi yẹn bù. Mísísì Hárísì, òyìnbó tó ń darí ìbúra, fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá ní ilẹ̀ á máa yọ̀, ẹnì kan lè ṣubú. Ìyá Ìjọ ní kí wọ́n tẹ́ tówẹ̀lì. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ìyá Ìjọ ní wọ́n á bọ́ ọ. Ó ní àwọn kan lè má fẹ́. Ìyá Ìjọ ní ẹni tí kò bá fẹ́ kó na ọwọ́, òun á wọ́n ọn sí i lọ́wọ́. Ó ní òtútù ńkọ́? Ibẹ̀ ni inú ti bí ìyá náà, tí ohùn Ìjẹ̀bú sì jáde kedere. Ó ní ọjọ́ tí òun di ọmọ ìlú yìí, níbòmíràn ní London, wọ́n kó àwọn jókòó sínú yàrá kan, àwọn tún ọ̀rọ̀ pè, wọ́n há ìwé fún àwọn, òun sì gba ibẹ̀ lọ síbi tí òun ti ń nu ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí òun. Òun jókòó sínú bọ́ọ̀sì, òun ń sunkún, nítorí òun ti rò pé ẹnì kan á sọ pé káàbọ̀. Òun ò ní gbà kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò tí òun ń gbé, bó bá jẹ́ òun nìkan lòun máa ru omi wá. Mísísì Hárísì ní òun á wá tówẹ̀lì.

Adédèjì ló wá ròyìn èyí fún ìyàwó rẹ̀, ó rò pé á rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Mubarakah lára lóòótọ́. Omi lé e lójú nígbà tó gbọ́ ti inú bọ́ọ̀sì yẹn. Ṣùgbọ́n ó tún bí i nínú. Obìnrin tó mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó báyẹn kí wọ́n má sọ fún un pé káàbọ̀, báwo ló ṣe wá fi ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀ lórí kọnkéré? Ó sùn tì í, ó jí tì í, ìpinnu rẹ̀ ò yẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ayẹyẹ náà bọ́ sí, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Mubarakah wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ aró, ó fi ìborùn funfun bo orí. Adédèjì di Ìmísí lọ́wọ́ mú lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún. Ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀lù gan-an ni Ìyá Ìjọ jókòó sí nínú aṣọ funfun báláú, baàfù ńlá kan níwájú rẹ̀, jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́sẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú tówẹ̀lì, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Inú họ́ọ̀lù ń ta sánsán ìrẹsì.

Ẹ wò ó, n kò ní purọ́, ó dára láti wò. Ọkùnrin Ghana kan tó ga bí igi àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí omi ṣe kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá pa gbogbo ìlà lẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan láti Bangladesh di ọwọ́ Ìyá Ìjọ mú, kò fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń kí ara wọn lọ ràì. Bíríkìlà kan láti Romania ní ìbọ̀sẹ̀ òun ti lu, ojú ń ti òun. Ìyá Ìjọ ní kí ẹni tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ò lu rí wá sọ̀rọ̀. Ó ń bu omi, ó ń wí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé, "Ẹsẹ̀ ẹ á tutù níbí. Ilẹ̀ yìí á gbà ọ́." Ojú rẹ̀ ń dán. Mubarakah ò rí i kí ojú yẹn dán báyẹn rí.

Ó wá kàn án.

Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ ló mọ ìtàn wọn. Bọ́sẹ̀ gbàgbé láti ká tówẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sístà," Ìyá Ìjọ wí. "Ẹ bọ́ bàtà."

Mubarakah kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ London, tí wọ́n á kàn tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eékún méjèèjì ló fi kanlẹ̀ lórí tówẹ̀lì tó ti rin gbingbin.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bu ti ìlú yìí fún mi. Bí ẹ bá bù ú fún mi níbí, á ti parí nìyẹn, ẹ ò ní bu òmíràn. Ti ilé ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, mà. Màá wá gbà á."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí ọmọdé kọ ohun tí àgbàlagbà nà sí i níwájú èrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàárín wa. Ẹ̀rù ba Mubarakah. Ó mọ̀ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á ti sọ ọ́ dé Ìjẹ̀bú pé ọmọ Ìlọrin kan kò lẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀ kò dìde, kò sì bọ́ bàtà.

Ìyá Ìjọ wo Adédèjì. Adédèjì ń wo àjà.

"Lójú gbogbo ayé yìí?" ìyá náà bèèrè jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ìyá Ìjọ dìde. Ó gbé jọ́ọ̀gì lé Mísísì Hárísì, tó dúró nítòsí, lọ́wọ́, ó mú báàgì rẹ̀, ó ta ìborùn sórí, ó sì jáde sínú òjò. Mísísì Hárísì ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó ní ojú, ó rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ wúwo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá jọ́ọ̀gì mú. Ó dúró kí Mubarakah bọ́ bàtà, ló bá da gbogbo omi tó kù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rin ín dé etí ìró.

"Welcome, my dear," ló wí. "Did I do it right?"

"You did it right," Mubarakah dáhùn.

Ó búra ní orúkọ Ọlọ́run pé òun á jẹ́ olóòótọ́ sí Ọba àti àwọn àrólé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dúró, kò kọsẹ̀ níbì kan. Wọ́n kọ orin ìlú, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí, Ìmísí fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní sọ pé inú rẹ̀ ò dùn, nítorí ohun tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún lé kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń lọ sí àga òfìfo tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn yòókù ń bu ìrẹsì, Adédèjì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O dójú ti ìyá mi, Múbà. In front of everybody! Bọ́sẹ̀ ti wà lórí fóònù báyìí."

"Mo mọ̀. Ó yá, ká lọ sílé Màmá."

"Lónìí? Are you mad? Wọn ò ní ṣílẹ̀kùn."

"Bóyá wọn ò ní ṣí i. Mo sọ pé màá wá, ojú wọn ni mo ti sọ ọ́."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Ilé Ìyá Ìjọ ò jìnnà, ó wà lára àwọn ilé bíríkì alásopọ̀ tí wọ́n jọra wọn débi pé àjèjì á fi kọ́kọ́rọ́ gún ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Adédèjì rọra ń wa ọkọ̀ tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé kí òjò má pa á, kí àwọn lọ ilé, kí àwọn padà wá lọ́la, kí àwọn mú pásítọ̀ dání. Ìmísí ń juwọ́ sí ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Mubarakah ń ronú pé bí ìyá yìí bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lónìí, òun ti ba ohun tó kù jẹ́ nìyẹn. Ike oúnjẹ pàápàá ò ní wá mọ́. Ọmọ òun á dàgbà láàárín ilé méjì tí kò kí ara wọn. Ó ń ronú rẹ̀, ó sì ń rìn.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún un kàn. Kọ́tìnnì mira lókè. Ọkùnrin aládùúgbò kan tó ń da ìdọ̀tí nù dúró, ó wo obìnrin tó dúró ní ẹsẹ̀ lásán nínú òjò.

"You all right, love?"

"I'm fine, thank you. I'm waiting for my mother-in-law."

Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ṣí. Ìyá Ìjọ ò tíì bọ́ aṣọ funfun ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"O dójú tì mí lónìí," ló wí. Kò pè é ní sístà.

"Mo dójú tì yín, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Àwọn ẹsẹ̀ tí mo wẹ̀ yẹn, ó rọrùn. Mi ò mọ bàbá wọn, wọn ò sì ṣẹ̀ mí. Tìẹ ló wúwo lọ́wọ́ mi. Ẹnu Bọ́sẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọmọ mi gbéyàwó. Bọ́sẹ̀! Kò sẹ́ni tó wá kí mi, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi nìkan ni mo tọ́ ọ nílùú yìí, pẹ̀lú omi ìnulẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá wá bu omi sí ẹ lẹ́sẹ̀, mo ti sọ pé ohun tí ẹ ṣe dáa nìyẹn. Kò dáa."

"Kò dáa, mà," Mubarakah wí. Òótọ́ ni, kò sì nira fún un láti sọ ọ́. "Ẹ̀rù yín ló bà wá. Èmi náà ì bá ti dìde wá bá yín fúnra mi. Mi ò wá. Ẹ̀bi mi ni."

"Kí lo wá fẹ́ kí n gbà báyìí?"

"Ẹ má gbà á, mà. Ẹ máa bínú sí mi. Ṣùgbọ́n inú ilé ni kí ẹ ti máa bá mi jà. Ìta ni ẹ ti ń bá mi jà látọjọ́ yìí, ẹ ń pè mí ní sístà, ẹ ń fún mi ní ẹja. Àlejò nìkan là ń ṣe jẹ́jẹ́ fún báyẹn. Mi ò fẹ́ jẹ́jẹ́ yẹn mọ́, Màmá. Ẹ bu omi, kí n wọlé, kí ẹ wá sọ gbogbo ohun tó wà nínú yín sí mi lójú."

Ìyá Ìjọ wò ó, ó wò ó. Ó ti ilẹ̀kùn.

Mubarakah dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, Adédèjì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé Ìmísí sọ́wọ́, ó ń sọ pé, "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?" Nígbà náà ni Mubarakah gbọ́ ìró omi ẹ̀rọ láti inú kíṣìnnì.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Abọ́ tí ìyá náà fi ń ṣan ìrẹsì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi kún un dé ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora eékún àgbà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó da omi náà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dà á sí tòsì. Omi náà tutù débi pé ó dun Mubarakah dé egungun. Nígbà tí ìyá náà wá wúre, kò sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún àwọn ará họ́ọ̀lù.

"Ìyàwó mi. Omi ò lọ́tàá. O ò ní rí ogun nínú ilé yìí. Bí mo bá sùn tí mi ò jí, ìwọ ni wàá ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bá wá bá yín kẹ́dùn. Wọlé."

Mubarakah wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ṣíwájú, ó sì ń sunkún láìbojú.

Adédèjì náà fẹ́ tẹ̀lé e wọlé, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ dí ọ̀nà.

"Ìwọ dúró síbẹ̀. Ìwọ gan-an ló yẹ kí n da omi lé lórí. Gbé ọmọ fún mi, kó o lọ ra mílíìkì wá. Má kánjú bọ̀."

Ó gba Ìmísí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú. Mubarakah ti jókòó sórí àga gígùn, ó ń wo yàrá tí kò rí rí, omi ń kán láti ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìjọ ò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ní àkọ́kọ́ ná. Ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà, kò lè kí èèyàn tán ní Yorùbá kó má fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń tọ́mọ ní Ìlọrin?"

"Èmi kọ́, mà," Mubarakah dáhùn, ó ń nu ojú. "Ọmọ yín ló ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Ọmọ mi? Má parọ́ mọ́ ọmọ mi nínú ilé yìí o!"

Mubarakah fa ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó fi ìró bò wọ́n, ó gbé ohùn sókè, ó sì dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn.